Amọ̀ Etíkun Nínú Ọyẹ́ Ẹdẹ

Ọdún tí mo lò gbẹ̀yìn ní yunifásítì l'Ẹ́dẹ, àárẹ̀ ni mo fi ń jí. Iṣẹ́ àṣekágbá mi ni láti wá irú ìdákọ̀ró tó lè di ọkọ̀ mú nínú amọ̀ rírọ̀ ìsàlẹ̀ òkun. Ẹdẹ kò kúkú ní òkun. Bàbá mi, apẹja ní etíkun Ìlàjẹ, ni wọ́n bu amọ̀ sínú kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi.

Omi ti gbé ọkọ̀ wọn lọ rí. Wọ́n wá ń dúró dè mí kí wọ́n tó ra ìdákọ̀ró tuntun. Bí wọ́n bá pè mí, ìbéèrè kan náà ni: "Ṣé ó ti mú?"

Kò mú. Màá po amọ̀ nínú táǹkì, màá bu omi lé e, màá ri ìdákọ̀ró kékeré sínú rẹ̀, màá so okùn rẹ̀ mọ́ òṣùwọ̀n, màá fà á. Á yọ wẹ́rẹ́, bí ìgbà tí èèyàn yọ ṣíbí nínú ẹ̀kọ gbígbóná. Màá tún amọ̀ pò. Ọlọ́kadà kan wo èékánná mi, ó bi mí bóyá bíríkìlà ni mí. Mi ò lókun àtirẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ Ajé kan, mo fà á títí, kò mira. Ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ mi wo òṣùwọ̀n, wọ́n ní, "Ó parí. Lọ kọ ọ́ sílẹ̀, kí o lọ sùn."

Ìgbà tí mo ń palẹ̀ mọ́ ni mo fọwọ́ kan amọ̀ náà. Òkè rẹ̀ ti le, ó ti sán. Lọ́jọ́ Ẹtì tó ṣáájú, lẹ́yìn tí mo ti ri ìdákọ̀ró sínú amọ̀, mo da omi àtijọ́ nù, oorun ń kùn mí, mi ò bu òmíràn sí i, mi ò sì fi ọ̀rá bò ó. Ọyẹ́ ti gba ojú fèrèsé wọlé, ó ti gbẹ ẹ́. Ọyẹ́ wo ló fẹ́ dé ìsàlẹ̀ òkun?

Ó wù mí kí n dákẹ́. Ó wù mí gan-an ni. Ibi tí mo jókòó sí nílẹ̀ láàbù ni mo wà tí bàbá mi fi pè.

"Ṣé ó ti mú?"

Inú bí mi sí wọn. "Ẹ má tíì rà á, Bàbá. Mo ṣe àṣìṣe."

Wọ́n ní, "Kò burú. Màá ṣì máa sùn nínú ọkọ̀ náà, kí omi má baà tún gbé e lọ."

Mi ò mọ̀ pé inú ọkọ̀ ni wọ́n ń sùn láti ọjọ́ yìí. Mo dìde, mo lọ pọn omi.