Kọ̀ǹpútà Márùn-ún Tí Bàbá Mi Tọ́jú

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Kalley, láàárín ìlú Niamey, eruku ni ọ̀tá ilé wa. Bí ọyẹ́ bá dé, a óò gbálẹ̀ láàárọ̀, a óò tún gbá a lọ́sàn-án, síbẹ̀ iyanrìn á ṣì máa dún lẹ́nu wa bí a bá ń jẹ tùwó. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi á rántí pé ohunkóhun tó bá níye lórí nígbà náà, aṣọ ló máa ń wà lórí rẹ̀. Rédíò wa ní ìbora tirẹ̀, tẹlifíṣọ̀n ní tirẹ̀. Ọmọ tó bá ṣí i láìgbàṣẹ, ìkúnlẹ̀ ni, ọwọ́ méjèèjì lókè.

Ayé ẹgbẹ́ òṣèlú púpọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nígbà náà, àwọn olóṣèlú ń lẹ àwòrán ara wọn mọ́ ògiri wa lójoojúmọ́. Àwọn kan tó ń náwó sí ìdàgbàsókè àdúgbò tálákà náà sì dé. Wọ́n gbé kọ̀ǹpútà márùn-ún wá sí ilé kéú tí Bàbá mi, Alfa ará Ìlọrin, ti ń kọ́ àwọn ọmọ. Obìnrin tí a ń pè ní Madame ló ṣáájú wọn. Faransé ló ń sọ. Bùrọ̀dá Múfú, ọmọ Yorùbá tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní àdúgbò Plateau, ló ń túmọ̀ fún wa.

Ó ní, "Alfa, Madame ní kí ẹ tọ́jú wọn dáadáa. Wọ́n á padà wá wò ó lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Bó bá tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n á rán olùkọ́ wá. Bí kò bá tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n á kó o fún àdúgbò mìíràn."

Kí wọ́n tó lọ, wọ́n tan ọ̀kan, wọ́n sì tẹ orúkọ mi, Rìsìkátù, sójú rẹ̀. Mo fẹ́ kí olùkọ́ yẹn wá ju bí mo ṣe ń fẹ́ aṣọ ọdún lọ.

Ẹ gbọ́ ná, bí ìyá yín bá ní kí ẹ bá òun tọ́jú ẹran kan, ṣé ẹ ó jẹ ẹ́ ni? Bàbá fi ọ̀rá wé kọ̀ǹpútà márààrún. Ìyá mi, tó ń ta aṣọ ní ọjà Grand Marché, mú àǹkárá tuntun wá láti ìsọ̀ rẹ̀, ó fi bò wọ́n. Bàbá ti ilẹ̀kùn yàrá tí wọ́n wà, ó so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ọrùn.

Oṣù mẹ́ta yẹn, ọkàn wa ò balẹ̀. A kò gbọdọ̀ ta sùwé nítòsí yàrá náà, kí eruku má baà wọlé. A ki àkísà bọ abẹ́ ilẹ̀kùn. Bí atẹ́gùn bá ti fẹ́, Bàbá á fi oúnjẹ sílẹ̀, á sáré lọ wò wọ́n. "Ohun olóhun ni o," ni orin rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó bá mi níbi tí mo ti ń yọjú lójú fèrèsé. Mo kúnlẹ̀ títí ẹsẹ̀ mi fi kú tipiri, n kò sì bínú, nítorí ẹ̀rù tó ń bà á ń ba èmi náà.

Madame dé. Bàbá wọ agbádá tí wọ́n fi sítáàṣì lọ̀, ó ṣí aṣọ kúrò, ẹyọ eruku kan kò sí níbẹ̀. Madame ní kí ọmọ kan wá tàn án. Èmi ni mo jáde. Mo tẹ bọ́tìnnì kan ṣoṣo tí mo rántí, kò tàn. Mo tún un tẹ̀. N kò tilẹ̀ mọ̀ pé a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi wáyà rẹ̀ sí iná. Madame béèrè ìgbà tí a lò ó kẹ́yìn.

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Múfú, sọ fún un pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e dé, ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án. A tọ́jú ẹ̀."

Bùrọ̀dá Múfú túmọ̀ rẹ̀ fún Madame, ó sì yíjú sí Bàbá. "Alfa, wọ́n fẹ́ kí ẹ máa lò ó ni, kí ẹ sì máa bójú tó o."

Bàbá ní, "Ṣùgbọ́n tọ́jú lo sọ fún mi."

Bùrọ̀dá Múfú bẹ Madame títí, Madame ń mi orí. Wọ́n kó márààrún lọ. Bàbá fúnra rẹ̀ ló gbé èyí tó kẹ́yìn dé ẹnu ọkọ̀, ó sì ń tún aṣọ bò ó kí iyanrìn má kàn án. Mo sunkún títí ojú mi fi wú.

Mo ti bímọ méjì kí n tó mọ kọ̀ǹpútà lò. Lónìí, kò sí ilé tí fóònù kò sí ní Kalley, ọwọ́ tó kún fún òróró másà ni àwọn ọmọ mi fi ń tẹ tiwọn, àyà mi á sì máa já. A ra ọ̀kan fún Bàbá lọ́dún tó kọjá. Ìka méjì ló fi dì í mú bí ẹyin. Ó bi ọmọbìnrin mi pé, "Tí mo bá tẹ ibí yìí, ṣé kò ní bàjẹ́?"

Ọmọ náà kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Pas grave, kò sí wàhálà, Bàbá àgbà. Tó bá bàjẹ́, a máa tún un ṣe."

Nígbà tiwa, kò sí ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún Bàbá.