Àwọn Ebè Tí Nathanaël Ṣí Lórí

Ní abúlé Agoua, bí ènìyàn bá dárúkọ lábókò, iṣu tó máa ń tètè gbó jù, orúkọ Nathanaël ni yóò tẹ̀lé e. Ọmọ ìjọ aláṣọ funfun ni, ó ga, ara rẹ̀ kì í balẹ̀. Láti ìgbà tó ti jogún oko bàbá rẹ̀, òun ló máa ń kọ́kọ́ gbé iṣu tuntun dé ọjà Bantè, kí àwọn ará Savalou tó ṣọdún iṣu wọn. Ìyẹn ni ògo rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ní 1983, ọ̀rọ̀ ti kọjá ògo. Iṣu kò ta lọ́dún tó ṣáájú, gbogbo èèbù tó ṣẹ́ kù fún un ló sì ti gbìn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí wọ́n bá kú sínú ebè, kò sí ohun tí yóò tún gbìn mọ́.

Ẹ mọ bí a ṣe ń ṣe é níhìn-ín: bí a bá gbin èèbù tán, a ó fi koríko gbígbẹ dé ebè lórí bí ẹni dé fìlà fún un, a ó fi ògúlùtu tẹ̀ ẹ́, kí oòrùn má baà se iṣu nínú ilẹ̀. Bí òjò bá dé, a ó ṣí i, kí ìtàkùn lè rí ọ̀nà jáde.

Ní oṣù kẹta, ooru mú débi pé òru kò yàtọ̀ sí ọ̀sán. Kànga gbẹ. Adìẹ ń la ẹnu sílẹ̀ lábẹ́ àká. Nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ kan, òjò dédé rọ̀, ó le, kò sì pẹ́. Àwọn ènìyàn jó nínú rẹ̀!

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Imorou tó ń ra iṣu ní Bantè gun alùpùpù dé ọ̀dọ̀ Nathanaël, ó fi orúkọ ọmọ rẹ̀ pè é.

"Bàbá Lazare, fìlà ṣì wà lórí iṣu yín? Àwọn ará Djaloukou ti ṣí tiwọn o! Ẹ̀yìn wọn lẹ ó máa tọ̀ lọ́dún yìí."

"Èmi? Kí n máa tọ ará Djaloukou lẹ́yìn? Láéláé!"

"Àgbà ló ń dé, ẹ má bínú."

Marthe ìyàwó rẹ̀ ń dáná lọ́wọ́. "Bàbá Lazare, ẹ wo èéfín mi. Ọ̀nà Savalou, síhà òkun, ló ṣì ń tẹ̀ sí. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ kò tíì lọ. Ẹ ní sùúrù."

"Èéfín ni yóò wá kọ́ mi lóko?"

Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti ṣí gbogbo ebè.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó wà lókè! Afẹ́fẹ́ méjì ló máa ń du orí wa: ọyẹ́ láti aṣálẹ̀, àti èyí tó ń gbé òjò bọ̀ láti òkun. Lọ́dún náà, afẹ́fẹ́ kan tó fẹ̀ ju orílẹ̀-èdè wa lọ jókòó sókè, kò kúrò, ó ń rọra sọ̀kalẹ̀ lé wa lórí. Afẹ́fẹ́ tó bá ń sọ̀kalẹ̀ a máa fún pọ̀, a sì máa gbóná. Ẹ fọwọ́ kan ìdí páǹpù kẹ̀kẹ́ nígbà tí ẹ bá ń fún táyà, ẹ ó rí i! Ìkùukùu kò lè dúró níbẹ̀. Ilẹ̀ gbẹ, kò sí omi tí yóò tù ú, ooru sì ń gun ooru. Afẹ́fẹ́ òkun há sí etíkun. Òjò ọjọ́ yẹn? Ó kàn ṣèèṣì rọ̀ ni.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, Nathanaël ń bọ̀ láti ilé ìjọsìn nínú sùtánà rẹ̀, láìwọ bàtà, bí ìlànà wọn. Ilẹ̀ ń jó o, ó ń fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ tẹlẹ̀ lọ. Lójijì ó dúró.

"Bí ó bá ń se ẹsẹ̀ mi báyìí, kí ló ń fi èèbù ṣe?"

Bó ṣe sáré gba oko lọ pẹ̀lú sùtánà nìyẹn. Ó fọwọ́ hú ebè kan. Èèbù rọ̀ bí iṣu sísè, ó ń rùn. Òmíràn. Bákan náà. Marthe bá a níbẹ̀, ó mú ọkọ́. Wọ́n hú títí dé ìdí igi irú, níbi tí òjìji dé. Àwọn ti ibẹ̀ ṣì le. Agbọ̀n kan péré.

"Ṣé ká tún wọn gbìn?" ni Marthe bi í.

Nathanaël wo òkè. Ojú ọ̀run funfun bí eérú.

"Rárá. Gbẹ́ ihò sí abẹ́ igi yìí, ká kó wọn pamọ́ síbẹ̀ títí òjò gidi yóò fi dé. Èmi ń lọ gé koríko tí a ó fi bò wọ́n."