Igi Tí Wọ́n Yọ Lára Ògiri

Ara ògiri la ń gbé ìtàn kọ́ nílé ẹgbẹ́ wa ní Fordham, ní Bronx lókè òkun níbí. Ẹgbẹ́ ọmọkùnrin kọ́lẹ́ẹ̀jì ni, kì í ṣe ẹgbẹ́ òkùnkùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyá mi kú láìgbà bẹ́ẹ̀. Àwa márùn-ún la dá a sílẹ̀. Kálukú wa ní igi pẹlẹbẹ kan tó jọ àjẹ̀ ọkọ̀, a kùn ún, a sì gbé e kọ́.

Ọmọ tuntun kì í wọlé àfi bí ọ̀kan nínú àwa olùdásílẹ̀ bá dúró níwájú àwọn igi yẹn, tó pe orúkọ wa tẹ̀léra, tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sì gbà á lẹ́nu rẹ̀, tí wọ́n tún un pè. Orúkọ ẹni tó kó wa jọ ló máa ń ṣíwájú. Ọ̀rẹ́ mi ni. Àwọn mẹ́ta ti kú. Ó ku èmi àti òun. Òun wà nílé rẹ̀ ní Park Hill, ẹsẹ̀ ò gbé e mọ́. Nígbà tí mo sọ fún un pé wọ́n ní kí n wá pe orúkọ, ohun kan ló bi mí: "Ṣé igi mi ṣì wà níbẹ̀?"

Nígbà tí mo dé ilé ẹgbẹ́, igi mẹ́rin ni mo bá lára ògiri. Ibi tí tirẹ̀ wà tẹ́lẹ̀ ti funfun bí ojú àpá.

Alága wọn, lọ́yà kan tí wọ́n bí sí Bronx, rẹ́rìn-ín wá bá mi. "Dádì, ẹ káàbọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fo orúkọ ẹni tó jáde nínú ẹgbẹ́ yẹn."

"Ó jáde torí pé ẹ̀ ń fi igi tá a kùn fún ẹ̀yẹ na ọmọ ọlọ́mọ."

"Ìyẹn ti pẹ́. Ẹni tó bá ti jáde kì í ṣe olùdásílẹ̀ mọ́. Ìgbìmọ̀ ti fẹnu kò."

"Kí ìyá rẹ tó mọ bàbá rẹ ló ti ń gbálẹ̀ ilé yìí. Ṣé ìgbìmọ̀ ló máa sọ ẹni tó bí ọ náà?"

Ojú rẹ̀ le. "Ẹ pe mẹ́rin, Dádì, ká lè jẹun."

Mo dojú kọ ògiri, mo pe orúkọ ọ̀rẹ́ mi. Àwọn ọmọ wo alága. Ó pa maikirofóònù. Mo tún orúkọ náà pè, ohùn tí wọ́n fi ń pe èèyàn ní oko ò nílò iná mànàmáná. Kò sẹ́ni tó gbà á lẹ́nu mi.

"Ẹni tí ò bá gba àkọ́kọ́," mo ní, "n ò ní ìkejì fún un."

Mo bá na ọwọ́, mo sọ igi tèmi kalẹ̀.

"Tẹ́ ẹ bá gbé e lọ," alága wí, "ẹ̀yin náà ti jáde nìyẹn."

"Ra ọ̀dà wá. Àpá ti di méjì."

Nígbà tí mo dé Park Hill, ọ̀rẹ́ mi fọwọ́ pa igi náà. "Tèmi kọ́ nìyí."

"Tèmi ni. Wọ́n ti yọ tìrẹ."

"Àwọn ọmọ tuntun ńkọ́?"

"Wọ́n wà níta. Kò sẹ́lòmíì tó lè mú wọn wọlé, àfi èmi àtìwọ."

Ó fi igi náà ti ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. "Jẹ́ kí wọ́n dúró síbẹ̀."