Ọwọ́ Tó Ṣe Abọ́ Alhaji

Ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi dojú kọ ṣọ́ọ̀bù Ernest Ṣóyẹmí ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí. Abọ́ alumíníọ̀mù ló ń ṣe, èyí tó jinlẹ̀ dáadáa tí kò sì ní ojú ìsopọ̀ kankan. Yóò gé páànù róbótó, yóò há a mọ́ igi tó ti gbẹ́ ní ìrísí abọ́, yóò wá tan ẹ̀rọ, kí igi àti páànù máa yí pọ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò fi irin gígùn kan sábẹ́ abíyá, tí yóò fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́ mọ́ páànù títí tí yóò fi gba ìrísí igi.

Gbogbo ara Ernest ọ̀hún, kò tó nǹkan. Èmi tí mò ń rán ṣòkòtò fún un ni kí ẹ bi. Ṣùgbọ́n ó ti ṣe é fún ọgbọ̀n ọdún, ó sì ti fi ọgbọ̀n ọdún náà sọ fún wa pé iṣẹ́ yìí kì í ṣe ti obìnrin.

Lọ́dún tó kọjá, ìpá yọ ọ́ lẹ́nu. Dókítà ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ó ní kò gbọdọ̀ fi ara ti nǹkan kan fún oṣù mẹ́fà. Ìyàwó rẹ̀, Adébùsọ́lá, tí Ernest máa ń fi sísanra rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ lójú gbogbo wa, ló bọ́ sídìí ẹ̀rọ. Ernest jókòó sórí àga, ó ń pàṣẹ: "Rọra! Fi ọṣẹ pa á!" Nígbà tó fi di oṣù kejì, kò rí àṣẹ pa mọ́. Obìnrin náà kàn ń fara tì í ni, páànù ń gbọ́ràn.

Àwọn oníbàárà ní iṣẹ́ abẹ náà bá Ernest lára mu, pé abọ́ rẹ̀ tún wá dán sí i. Ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Inú bí mi. Adébùsọ́lá kò sọ nǹkan kan fún ọkọ rẹ̀, èmi ló sọ fún: òun kò fẹ́ràn iṣẹ́ kankan tó báyìí rí, ẹ̀rù oṣù keje ló ń ba òun.

Oṣù keje dé. Ernest ní kó padà sídìí gààrí tó ń tà. Ó padà.

Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, Alhaji Abdulhakeem, tó ń ta abọ́ ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, wá kó ọjà. Ó gbé ọ̀kan, ó fi àtàǹpàkò wọ́ etí rẹ̀ tó hunjọ.

"Ọ̀gá Ernest, ẹ má bínú o. Ta ló ṣe èyí?"

"Èmi ni."

"Ta ló wá ṣe àwọn tí mo kó lóṣù tó kọjá?"

Adébùsọ́lá ti dé ẹnu ọ̀nà, ó gbé oúnjẹ ọ̀sán ọkọ rẹ̀ dání. Ernest wò ó. Mo ti pa ẹ̀rọ ìránṣọ mi kí n lè gbọ́ irọ́ tó fẹ́ pa.

"Ìyàwó mi ni," ó wí. Ojú tì í gidigidi. "Òun ló ṣiṣẹ́, èmi ni mò ń gba ìyìn."

Alhaji yíjú sí obìnrin náà. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi ṣe ogójì."

"Ẹ bi ọ̀gá, sà."

Ernest gba oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e sílẹ̀, ó sì bá a tan ẹ̀rọ.