Ìjókòó Kan Ṣoṣo Lójú Ọ̀nà Máyà

Lọ́jọ́ tí mo lọ gbé mọ́tò náà ní Ìlọrin, ìyàwó mi ò bá mi sọ̀rọ̀ láti ìdájí. Olùkọ́ ni mí ní Igbó-Ọrà, mo ti lé ní àádọ́ta ọdún, ọmọ mẹ́ta ni mo bí. Mọ́tò tí mo fẹ́ lọ gbé jẹ́ irú èyí tí wọ́n ń pè ní spọ́ọ̀tì káà: ilẹ̀kùn méjì, ìjókòó méjì, imú gígùn, ara pẹrẹsẹ. Ó dàgbà ju àkọ́bí mi lọ, àwọ̀ pupa rẹ̀ sì ti ṣá. Nígbà tí mo wà ní kékeré, dókítà kan wà ní Erúwà tó ní irú rẹ̀. Tó bá ń kọjá, gbogbo àwa ọmọ iléèwé á sá jáde wá wò ó, olùkọ́ wa náà á sì bá wa jáde. Àtìgbà náà ló ti wà lọ́kàn mi. Mi ò lè ṣàlàyé rẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ẹgbẹ́ mi kan ń fẹ́ ìyàwó kejì, àwọn mìíràn ń wá oyè jẹ. Mọ́tò yẹn lèmi ń fẹ́.

"Níbo làwọn ọmọ máa jókòó sí?" Ẹ̀ẹ̀kan péré nìyàwó mi bi mí.

Àbúrò mi ọkùnrin ni mo mú dání, ọmọ ìyá mi tó tẹ̀ lé mi. Mẹkáníìkì ni, òun ló mọ ohun tó ń dun mọ́tò bí nọ́ọ̀sì ṣe ń mọ tèèyàn. A sùn sí Ìlọrin mọ́jú, aago méje àárọ̀ ọjọ́ kejì la sì kúrò níbẹ̀. Bàbá tó ta mọ́tò náà fún wa ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ò sì lágbára mọ́. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu eruku orí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ní, "Ẹ má fipá lé e o. Tẹ́ ẹ bá ti rí i pé ó ń gbóná, ẹ dúró fún un." Ó wọlé kí á tó ṣí. Mo rò pé kò fẹ́ rí i bó ṣe ń lọ.

Mi ò ní parọ́, láti Ìlọrin dé Ògbómọ̀ṣọ́, láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Ọ̀yọ́, inú mi dùn bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ fún. Àwọn ọlọ́kadà ń sáré bá wa, wọ́n ń juwọ́ sí wa. Ní Ọ̀yọ́ tá a ti dúró ra epo, ẹni tó ń rọ epo fún wa ní òun ò rírú ẹ̀ rí. Àbúrò mi ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n wà á díẹ̀ ká tó délé o."

Mo ní ó di Ìsẹ́yìn. Nígbà tá a dé Ìsẹ́yìn, mi ò gbé e fún un.

Ó kù díẹ̀ ká dé Adó-Àwáyé ni mọ́tò náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. A dúró, àbúrò mi ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ní rọ́bà omi kan ló ń jò. Ó fi rọ́bà táyà dì í pinpin, a sì bu omi sí rédíétọ̀ láti inú kẹ́ẹ̀gì tó gbé wá láti ilé. Ó ní, "Tá a bá ń rọra, á gbé wa délé."

A fi Adó-Àwáyé sílẹ̀, a forí lé ọ̀nà Máyà. Ọ̀sán ti pọ́n. Igbó àti oko ẹ̀gẹ́ ló wà lọ́tùn-ún lósì lójú ọ̀nà yẹn, ihò pọ̀ níbẹ̀, fóònù kì í sì í lọ. Ọkọ̀ akẹ́rù kan tó kó ẹ̀gẹ́ kún dé góńgó ya wá sílẹ̀ pẹ̀lú eré burúkú, eruku rẹ̀ bò wá lójú. Kò pẹ́ sígbà náà tá a yọ sí kọ́nà kan. Ọ̀kadà kan ló wà ní dídojúbolẹ̀ létí ọ̀nà, táyà ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì ń yí.

Obìnrin kan wà nílẹ̀ lórí ọ̀dà. Ọkùnrin kan jókòó sínú koríko, ó fẹ̀yìn ti igi. Igbe obìnrin náà la gbọ́ kí n tó pa ẹ́ńjìnnì. Egungun itan rẹ̀ kan ti kán, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn lábẹ́ ìró rẹ̀. Ó ń pe, "Bàbá Ìbejì! Bàbá Ìbejì o!" Ọkọ rẹ̀ sì ń dá a lóhùn láti ìdí igi, "Mo wà níbí. Mo wà níbí."

Mo sáré lọ bá ọkùnrin náà. Ojú rẹ̀ bó díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kan wà ní ikùn.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, bàbá. Ibo ló ń dùn yín?"

"Èmi kọ́. Ìyàwó mi ni kẹ́ ẹ wò. Akẹ́rù yẹn ló fẹ̀gbẹ́ gbá wa, kò tilẹ̀ wẹ̀yìn."

"Ikùn yín ńkọ́?"

"Ọwọ́ ọ̀kadà ló gún mi níkùn. Ó máa lọ."

Mo wo mọ́tò, mo wo àwọn méjèèjì. Èmi tí mo máa wà á ti gba ìjókòó kan. Àyè tó wà lẹ́yìn ìjókòó ò gbà ju báàgì kan lọ. Mo ní ká fún àwọn méjèèjì mọ́ ìjókòó kan náà, àbúrò mi mirí. "Ẹsẹ̀ ìyá ò ṣeé ká, ẹ̀gbọ́n." A dúró bóyá ọkọ̀ mìíràn á kọjá. Kò sí ọkọ̀ tó kọjá. Obìnrin náà ò yé ké.

Ọkùnrin náà ló sọ ohun tí gbogbo wa ń rò. "Òun ni kẹ́ ẹ gbé. Èmi lè dúró de ọkọ̀ mìíràn."

Àbúrò mi ní, "Ẹ máa gbé ìyá lọ, ẹ̀gbọ́n. Èmi á dúró tì wọ́n. Tẹ́ ẹ bá dé Máyà, kẹ́ ẹ rán ọkọ̀ sí wa."

Ó fi gèlè obìnrin náà di itan rẹ̀, ó gbé e nílẹ̀. Ibí yìí ni mo ti ṣe nǹkan kan tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni fún ìgbà pípẹ́. Mo ní kó dúró ná. Mo fa ọ̀rá ńlá tí bàbá Ìlọrin fi ń bo mọ́tò náà jáde, mo tẹ́ ẹ sórí ìjókòó, mo sì ń ti etí rẹ̀ bọ abẹ́ ìjókòó níbìí, mo ń tì í bọ̀ ọ́ lọ́hùn-ún, kó má bàa yẹ̀. Awọ ni ìjókòó náà, bàbá yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ rán an ni. Mi ò fẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ kàn án. Gbogbo bí mo ṣe ń ṣe é, obìnrin náà wà lọ́wọ́ àbúrò mi, ó ń ké.

Nígbà tí mo wẹ̀yìn nínú dígí, ọkọ rẹ̀ gbé ọwọ́ sókè sí wa.

Ní Máyà, mo dúró níbi tí àwọn awakọ̀ kó ara wọn jọ sí. Mo ṣàlàyé, mo bẹ̀ wọ́n. Ọ̀kan wo obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó wo mọ́tò pupa, ó ní, "Ọ̀gá, ṣé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ gbá wọn?" Mo búra. Òmíràn ní tóun bá lọ gbé ẹni tó ṣèṣe, ọlọ́pàá á dá òun dúró. Wọ́n ń bára wọn jiyàn. Ó pẹ́ kí àgbàlagbà kan tó ní ọkọ̀ pikọ́ọ̀pù tó dìde, tó ní òun á lọ, àmọ́ òun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ já iṣu tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sílẹ̀. Mi ò lè dúró wò ó.

Mọ́tò náà tún gbóná kí n tó dé Láńlátẹ̀. Mo dúró lójú ọ̀nà, mo ń fi eyín já omi inú ọ̀rá kéékèèké tí mo rà ní Máyà sí rédíétọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ooru rẹ̀ ń jó mi lójú. Obìnrin náà ti dákẹ́ igbe. Mo ń pè é, "Ìyá Ìbejì, ẹ má sùn o. Ẹ bá mi sọ̀rọ̀." Ó ní, "Wọ́n ti gbé e àbí?" Mo ní, "Wọ́n ti ń gbé e bọ̀ lẹ́yìn wa." Mi ò mọ̀ bóyá òótọ́ ni mo sọ.

A dé ilé ìwòsàn ní Erúwà, wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi kíákíá. Èmi jókòó síta lórí bẹ́ńṣì. Lẹ́yìn bíi wákàtí méjì, pikọ́ọ̀pù náà wọlé. Àbúrò mi ló kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ láti ẹ̀yìn rẹ̀, kò wọ ẹ̀wù. Ẹ̀wù rẹ̀ ló fi bo ojú ọkùnrin náà.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọkọ̀ pẹ́."

Àwọn dókítà ní inú ló ti ń ṣẹ̀jẹ̀ láti ìgbà tí ọwọ́ ọ̀kadà ti gún un. Mùsùlùmí ni wọ́n, nítorí náà wọ́n sin ín kí oòrùn tó wọ̀, ní abúlé wọn lẹ́bàá Láńlátẹ̀. A tẹ̀ lé wọn lọ. Mo gbé mọ́tò pupa náà sọ́nà jínjìn, síbẹ̀ àwọn ọmọ kéékèèké rí i, wọ́n ń fọwọ́ kàn án. Lẹ́yìn tí wọ́n kírun sí òkú lára, ẹ̀gbọ́n olóògbé di ọwọ́ mi méjèèjì mú. "Ẹ ṣeun, ọ̀gá. Ẹ gba ẹ̀mí ìyàwó wa là. Ọlọ́run á bá yín gba tiyín là." Àwọn yòókù ń ṣe àmín, àmín. Mo dúró sáàárín àdúrà yẹn, ó ń ṣe mí bíi kí n sá lọ.

Nígbà tá a délé, ìyàwó mi rí ẹ̀jẹ̀ lára sálúbàtà mi. Kò bèèrè mọ́tò. Ó bu omi wá, ó jókòó tì mí títí mo fi wẹ ẹsẹ̀ mi tán.

Ọjọ́ kẹta ni wọ́n tó sọ fún obìnrin náà nílé ìwòsàn. Mi ò sí níbẹ̀, mi ò sì lè lọ. Mo ń lọ sí iléèwé, mo ń kọ́ àwọn ọmọ, àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi ń sọ fún àwọn àlejò pé èmi ni mo gba obìnrin kan là lọ́nà Máyà. Àbúrò mi náà ò mẹ́nu bà á. Ó tún rọ́bà omi yẹn ṣe, ó fọ ọ̀rá yẹn, ó ká a, ó gbé e sẹ́yìn ìjókòó. Mo wa mọ́tò náà lẹ́ẹ̀mejì péré. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, mo tà á fún ẹnì kan láti Abẹ́òkúta, mo padà sórí ọ̀kadà bí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi.

Ó tó oṣù márùn-ún kí n tó lọ sí abúlé náà. Àbúrò mi bá mi lọ. Obìnrin náà jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó ń pa ẹ̀gúsí, igi ìtilẹ̀ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó kí wa dáadáa, ó ní kí wọ́n gbé omi fún wa. Lẹ́yìn náà ó ní:

"Ọ̀gá, mo ti fẹ́ rí yín. Èmi ni mo pariwo jù. Ká ní mo panu mọ́ ni, òun lẹ ò bá gbé."

Mo ní kó má sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní èmi ni mo wo ọkọ rẹ̀ tí mi ò rí ohun tó ń ṣe é, ẹ̀ẹ̀kan ni mo bi í nípa ikùn rẹ̀, ohun tó sọ ni mo sì gbà, torí ohun tó rọ̀ mí lọ́rùn ló sọ. Lẹ́yìn náà mo sọ ti ọ̀rá fún un, bí mo ṣe ń tì í bọ abẹ́ ìjókòó nígbà tó wà lọ́wọ́ àbúrò mi.

Ó gbọn èèpo ẹ̀gúsí kúrò lórí itan rẹ̀. Ó ní, "Ojú mi là nígbà yẹn. Mo rí yín."

Lẹ́yìn náà ó mú igi ìtilẹ̀ rẹ̀, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ kí i."

Ẹ̀yìn ilé ni sàréè náà wà, lẹ́bàá oko ẹ̀gẹ́. Ibẹ̀ ló ti yíjú sí àbúrò mi. "Ẹ̀yin lẹ wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Kí ló sọ?"

Àbúrò mi wo ilẹ̀. Èmi gan-an ò tíì bi í rí.

"Ó kọ́kọ́ ní kí n gbé ọ̀kadà yẹn kúrò lójú ọ̀nà, kó má pa ẹlòmíràn lára. Mo gbé e. Ó wá bi mí pé, ṣé mọ́tò pupa yẹn ń sáré? Mo ní ó ń sáré. Ó ní, 'Ó dáa, wọ́n á ti tètè dé.' Ó béèrè omi, mo fún un. Lẹ́yìn náà ó ní òtútù ń mú òun, nínú oòrùn yẹn. Mo bọ́ ẹ̀wù mi, mo fi bò ó. Kò sọ nǹkan mìíràn mọ́."

Obìnrin náà fi etí ìró nu ojú. Ó ní, "Ẹ ṣeun tẹ́ ò fi í sílẹ̀ lóun nìkan." Àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ó sunkún bí ọmọdé. Mi ò rí i kó sunkún bẹ́ẹ̀ rí, bẹ́ẹ̀ ni kò sunkún nígbà tí a sin ìyá wa.

Òjò ti rọ̀ láàárọ̀, ọ̀nà tí a máa gbà padà sílé ń yọ̀. Obìnrin náà gbé igi sí ọwọ́ kan, ó fi èkejì di apá mi mú, nítorí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹn ò ká dáadáa mọ́. Mo ń rọra rìn. Ọwọ́ rẹ̀ wúwo lára mi. Bó bá ti dárí jì mí, kò sọ ọ́. Èmi náà ò sì bi í.