Eyín Ọládòṣù Lára Tọ́ọ̀ṣì

Lọ́jọ́ tí Bàbá Ọládòṣù há tọ́ọ̀ṣì sẹ́nu tó sì ń kí gbogbo ọjà Ṣáṣá, Roheem tó ni tọ́ọ̀ṣì náà rò pé orí bàbá ọ̀hún ti dàrú ni. Abúlé Ìrókò ni bàbá ti gbé iṣu wá tà. Ó yà síbi tábìlì Roheem, ó mú tọ́ọ̀ṣì ńlá kan, ó fi eyín dì í mú, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ní, "A-áá-ù aéé-ù."

Mùjíbátù tó ń ta omi tútù lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

"Èyí ò dáa," ni Bàbá wí, ó ń nu tọ́ọ̀ṣì náà mọ́ ẹ̀wù. "Kò jẹ́ kí n lè kí èèyàn."

"Bàbá, ọwọ́ ni wọ́n fi ń mú tọ́ọ̀ṣì."

"Bí ọwọ́ méjèèjì bá wà lára okùn ńkọ́?"

"Okùn kí ni?"

Bàbá ronú díẹ̀. "Mi ò tíì mọ̀," ó ní.

Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni Roheem ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ pé ní Ìrókò, kò sẹ́ni tó ń ra tọ́ọ̀ṣì láìbi Bàbá Ọládòṣù. Bó bá ní ó dáa, gbogbo ilé á rà á. Bó bá mi orí, ọjà á kú sọ́wọ́ ẹni tó ń tà á. Tábìlì Roheem ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni, bí kò bá sì rí oníbàárà, oko àgbàdo bàbá rẹ̀ ní Ìjàyè ló ń dúró dè é. Ó pinnu pé bàbá yìí ló máa fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé tọ́ọ̀ṣì òun dáa.

Kò rọrùn. Bàbá á ju tọ́ọ̀ṣì sínú korobá Mùjíbátù, á ní kó wà níbẹ̀ títí wọ́n á fi kírun Ásárì tán. "Òjò ò ní bi í bóyá ó ti múra," lá wí. Èyí tó bá yè nínú omi, Bàbá á gun orí àga, á sọ ọ́ lulẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ó gbé ọ̀kan síwájú táyà ọkọ̀ tòmátì, ó ní kí dẹ́rẹ́bà rọra gùn ún kọjá. Dẹ́rẹ́bà sọ̀ kalẹ̀, ó wo tọ́ọ̀ṣì, ó wo Bàbá, ó wá bi Roheem pé, "Ṣé ara ẹ̀yin méjèèjì yá?"

Wándé, tíṣà tó fẹ́ Fàdìlàt ọmọ Bàbá, gbìyànjú láti là á lọ́yẹ̀. "Bàbá, iná wà lára fóònù yín. Kí lẹ tún ń wá?"

"O ṣeun, ọmọ mi. Há tìẹ sẹ́nu ká wò ó."

Wándé wo fóònù rẹ̀ títí, ó dá a padà sápò.

"Ẹ fi wọ́n sílẹ̀, tíṣà," ni Fàtímọ̀ ìyàwó Bàbá wí. "Èmi gan-an, ká ní mo kéré tó ìka ni, wọn ì bá ti há mi sẹ́nu."

Roheem wá tọ́ọ̀ṣì káàkiri títí ó fi rí ọ̀kan. Irin ni, kò gùn ju ìka àárín lọ, rọ́bà yí ìdí rẹ̀ ká, bátìrì kan ṣoṣo tó ń lò sì ni irú èyí tí wọ́n ń tà ní gbogbo abúlé. Kò lè dúró de ọjọ́ ọjà. Ọ̀kadà ló gùn lọ sí Ìrókò lọ́sàn-án gangan.

Bàbá rì í sómi. Ó sọ ọ́ mọ́ òkúta. Ó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Iná ń tàn. Ó wá há a sẹ́nu.

"A sàláámù aléékúmù."

Ó já gaara. Àwọn tó ń lọ sí mọ́ṣáláṣí lójú ọ̀nà dá a lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Inú Roheem dùn débi pé ó fò sókè, orí pákó tí wọ́n fi bo kànga gbígbẹ ló sì balẹ̀ sí. Pákó dá. Roheem wọlẹ̀ lọ.

Kànga náà ò jìn púpọ̀, àmọ́ inú rẹ̀ dúdú kirikiri. Ẹsẹ̀ Roheem kan ti rọ́, nǹkan tútù kan sì ń rìn lórí èkejì. Ejò ló wá sí i lọ́kàn.

Ló bá rí iná kan tó ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ wá bá a, iná náà sì ń sọ̀rọ̀. "Má mira," ó ní. Ó tànmọ́lẹ̀ sí ẹsẹ̀ Roheem. "Ọ̀pọ̀lọ́ ni. Kí i."

Roheem gbójú sókè. Ọwọ́ Bàbá méjèèjì wà lára okùn.

"Okùn tí mo wí nìyí," ni Bàbá wí.

"Ẹ máa mú tọ́ọ̀ṣì yẹn lọ́fẹ̀ẹ́, Bàbá."

"Rárá. Èmi kì í rajà lọ́wọ́ ẹni tó wà nínú kànga. Gòkè ná, ká nájà bí èèyàn."

Wọ́n gòkè. Ó sì ná an títí Roheem fi gbàgbé pé ẹsẹ̀ ń dun òun. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, kò sí tọ́ọ̀ṣì kankan mọ́ lórí tábìlì Roheem.

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, Bàbá Ọládòṣù sùn, kò jí mọ́. Fàtímọ̀ bá tọ́ọ̀ṣì lábẹ́ fìlà rẹ̀, níbi tó máa ń wà. Ó mú un wá sí Ṣáṣá, ó gbé e síwájú Roheem.

"Ọ̀dọ̀ rẹ ni kó wà," ó ní. "Nílé, gbogbo ìgbà ni mo ń retí kó kí mi."

Ojú eyín wà lára rọ́bà yẹn yíká. Roheem há a sẹ́nu. Eyín tirẹ̀ kéré sí ojú eyín Bàbá. Ó na ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tó di okùn mú.

"A sàláámù aléékúmù."

Mùjíbátù ń bu omi fún oníbàárà, kò gbójú sókè.

"Wa aléékúmu sàláámù, Bàbá," ó ní.

Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé Roheem ló kí i.