Ọjọ́ Tí Tíṣà Wa Fi Ọ̀pá Gún Iṣu

Lánàá, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, mo jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀ ilé mi ní Ìlọrà, ni mo gbọ́ tí ọmọ ọmọ mi ń kàwé sókè nínú yàrá: "Support, ohun tí a fi ti nǹkan kó má baà ṣubú. Support, ìrànlọ́wọ́." Ó kà á, ó tún un kà, bí ẹni tí oorun ń kùn. Ọ̀rọ̀ náà ń wọ̀ mí létí, òórùn ilẹ̀ tútù ń wọ̀ mí nímú, mi ò mọ ìgbà tí mo padà sí kíláàsì wa ní ilé ìwé Onítẹ̀bọmi ní Fìdítì, tí mo tún di ọmọ ọdún mọ́kànlá.

Ìbàdàn ni tíṣà tó kọ́ wa ní ọ̀rọ̀ yẹn ti wá. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ṣòkòtò rẹ̀ a sì máa funfun nini. Kò sí Gẹ̀ẹ́sì tí kò gbọ́. Ohun oko nìkan ni kò mọ̀. Ó ní bí ọ̀rọ̀ bá ní ìtumọ̀ méjì, èyí tí a lè fọwọ́ kàn ni kí ọmọ kọ́kọ́ mọ̀, èyí tó kù á tẹ̀ lé e. Ó wá bi wá pé kí ni wọ́n ń fi ti nǹkan nílùú wa. Gbogbo wa pariwo: "Ọ̀pá iṣu, sà!"

Orí bẹ́ǹṣì kan náà ni èmi àti Àṣàkẹ́, ọ̀rẹ́ mi, ń jókòó sí. Lọ́dún yẹn, bàbá rẹ̀ gbin iṣu tán, ó sì kú. Ìtàkùn iṣu hù, ó ń wọ́ nílẹ̀, kò sí ẹni tí yóò ri ọ̀pá tì í. Ìyá rẹ̀ ní tó bá di Mọ́ńdè, Àṣàkẹ́ ò ní lọ sílé ìwé mọ́, oko ni yóò máa bá òun lọ. Àṣàkẹ́ sọ ọ́ fún mi, kò sunkún. Èmi ni mo sunkún.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè ní kí ló dé tí kò bẹ ọ̀wẹ̀. Láyé ìgbà yẹn, bí iṣẹ́ bá ju agbára ẹni lọ, èèyàn á pe ará àti ọ̀rẹ́, wọn á bá a ṣe é lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n ẹni tó bẹ ọ̀wẹ̀ ni yóò bọ́ àwọn tó wá, kí wọ́n sì yó. Oúnjẹ ilé Ìyá Àṣàkẹ́ ti tán níbi ìsìnkú, ojú sì ń tì í. Bí èèyàn bá sì gbé oúnjẹ tirẹ̀ dání lọ síbi ọ̀wẹ̀, ó ti bú ẹni tó pè é nìyẹn.

Mo lọ sọ fún tíṣà. Nígbà tó di Sátidé, ó kó gbogbo kíláàsì lọ sí oko náà, kálukú ru ọ̀pá lórí. Ìyá Àṣàkẹ́ nàró láàárín ebè, ojú rẹ̀ le.

"Mi ò bẹ ọ̀wẹ̀ o."

"Rárá o, Màmá," ni tíṣà wí. "Ẹ̀kọ́ la wá kọ́. Èmi gan-an ò mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀pá ti iṣu. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ wa."

Ó ká apá ẹ̀wù sókè, ó gbé ọ̀pá kan, ó fi gbogbo agbára rì í sí àárín gbùngbùn ebè. Gbogbo wa kígbe. Iṣu tó wà nísàlẹ̀ ló gún.

"Yéè! Tíṣà, ẹ ti pa á! Ẹ̀gbẹ́ ebè lẹ ó rì í sí!" ni Ìyá Àṣàkẹ́ pariwo.

Ó já ọ̀pá gbà lọ́wọ́ tíṣà, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Mi ò tíì rí i kó rẹ́rìn-ín láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Títí dòní, mi ò mọ̀ bóyá tíṣà mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni.

Láti ìgbà náà, Ìyá Àṣàkẹ́ ló di olùkọ́. Ó ń lọ láti ebè dé ebè, ó ń kọ́ wa bí a ṣe ń fi ìka méjì gbé ìtàkùn gun ọ̀pá kó má baà ṣẹ́. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ rọra ń pọ́n, oko dákẹ́ rọ́rọ́, gbogbo ìtàkùn sì ti kúrò nílẹ̀. Ebi pa wá délé, kò sẹ́ni tó dárúkọ oúnjẹ. Nígbà tó di Mọ́ńdè, Àṣàkẹ́ wá jókòó tì mí.

Nígbà tí iṣu tuntun jáde, Ìyá Àṣàkẹ́ wọ kíláàsì wa láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ru abọ́ ńlá. Iṣu sísè ló kún inú rẹ̀, tòun ti epo pupa. Ó gbé e ka orí tábìlì tíṣà.

"Oúnjẹ ọ̀wẹ̀ yín rèé. Ẹ má bínú, ó pẹ́ díẹ̀."

Tíṣà dìde. Ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ lórí ilẹ̀ tí ìyẹ̀fun ṣọ́ọ̀kì kún, tòun ti ṣòkòtò funfun.

Lónìí, fóònù la fi ń pe alágbàṣe, ọ̀kadà ló ń gbé wọn wá, wọn á ṣiṣẹ́ tán, wọn á lọ. Mi ò bá ẹnikẹ́ni wí, èmi náà ń pè wọ́n. Àmọ́ ẹni tí a ràn lọ́wọ́ ṣì ń fẹ́ kí ọwọ́ tiẹ̀ náà fúnni ní nǹkan. Ìyẹn kò tíì yí padà.

Àṣàkẹ́ kàwé tán, ó sì ṣe tíṣà ní Akínmọ́rìn títí ó fi darúgbó. Kò sí ọdún tí iṣu tuntun jáde tí kì í fi ránṣẹ́ sí mi. Ó kú lọ́dún tó kọjá. Ọdún yìí ni mo kọ́kọ́ fi owó ra iṣu tuntun.